Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Gbàdúrà fún Póòpù Nínú Ilé Wa

 

Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a ti fọ abọ́ oúnjẹ alẹ́, tí àwọn ọmọ ti wẹ̀, púpọ̀ nínú àwa obìnrin Ìjọ Àgùdà ni a máa ń pe àwọn ará ilé jọ fún àdúrà. A ó gbàdúrà fún baálé wa kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ó gbàdúrà fún ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò, fún ìyá wa tí orúnkún ń dùn, fún ọjà wa kí ó tà, fún aládùúgbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Gbogbo èyí dára, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wọ ilé púpọ̀ ní Ìkòròdú níbí àti ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ti bá wọn kúnlẹ̀ àdúrà alẹ́. Ilé tí a ti ń dárúkọ Póòpù kò wọ́pọ̀. Orúkọ tí Fadá ń pè nínú gbogbo Mísà, a kì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Àgùdà, ẹ má ṣe rò pé kò kàn yín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní olórí tí ó ń tọ́jú ọkàn rẹ̀, ìbáà ṣe pásítọ̀, ìbáà ṣe ìmáàmù, ó ní tirẹ̀ láti mú níbẹ̀.

Ẹrù Tí Ó Wà Lórí Àgbà

Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbé yẹ̀ wò ni iye ènìyàn tí ó wà nínú ilé: mélòó ni yóò jẹun, mélòó ni yóò wọ aṣọ, ta ni ara rẹ̀ kò le, ta ni ó ń lọ sí ilé ìwé, èló sì ni ó ń wọlé. Obìnrin tí ó ń ṣe ètò ilé ènìyàn mẹ́fà mọ bí orí ti ń gbóná nígbà tí oṣù bá kù díẹ̀ kí ó parí.

Nísinsìnyí, ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí àwọn ọmọ Ìjọ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400 káàkiri ayé. Bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, etí rẹ̀ ni ẹkún wọn ń dé. Bí a bá jí Fadá gbé ní ilẹ̀ wa, à ń retí kí ó sọ̀rọ̀. Òun ni ó ń yan bíṣọ́ọ̀bù fún ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan bá sì hùwà ìtìjú ní ilẹ̀ òkèèrè, òun ni àwọn ènìyàn ń bi pé kí ni ó ń ṣe nígbà tí nǹkan fi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí wọn. Benedict Kẹrìndínlógún jẹ́ ẹni ọdún 78 nígbà tí a yàn án ní 2005. Francis jẹ́ ẹni ọdún 76 ní 2013. Leo Kẹrìnlá jẹ́ ẹni ọdún 69 ní 2025. Ọjọ́ orí tí bàbá tiwa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú, tí a kì í jẹ́ kí ó gbé garawa omi mọ́, ni àwọn wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2013, Benedict kéde fún gbogbo ayé pé agbára òun kò ká iṣẹ́ náà mọ́, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní ìparí oṣù yẹn. Ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ bí ó ti wúwo tó.

Ilé Obìnrin Ni A Ti Gbà Á

Ẹnìkan lè bèèrè pé ṣé àṣà tuntun ni èyí. Rárá o. Jésù fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a mú un, ó sọ fún Símónì Pétérù pé òun ti gbàdúrà fún un kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má baà yẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí àkùkọ tó kọ: Pétérù sẹ́ ẹ nígbà mẹ́ta. Jésù kò dúró kí Pétérù kọ́kọ́ di akọni kí ó tó gbàdúrà fún un. Ó mọ̀ pé yóò kọsẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi gbàdúrà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kejìlá. Hẹ́rọ́dù ti fi idà pa Jákọ́bù, ó sì ti ju Pétérù sí ẹ̀wọ̀n. Ọmọ ogun mẹ́rìndínlógún ni ó yàn láti máa ṣọ́ ọ, mẹ́rin mẹ́rin. Ìjọ kò ní ọmọ ogun, kò ní owó, kò sì ní ẹnìkan ní ààfin tí yóò bá wọn bẹ ọba. Àdúrà nìkan ni ó kù, wọ́n sì ń gbà á láìsinmi. Níbo ni wọ́n ti ń gbà á? Ilé obìnrin kan ni, Màríà ìyá Jòhánù tí a ń pè ní Máàkù.

Nígbà tí áńgẹ́lì tú Pétérù sílẹ̀ lóru, ilé obìnrin yìí ni ó gbà lọ tààrà. Ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ródà, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà, lọ gbọ́; ó mọ ohùn Pétérù, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí ó rántí ṣí ilẹ̀kùn. Ó sáré padà lọ ròyìn. Àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà sọ fún un pé orí rẹ̀ ti dàrú, Pétérù sì dúró níta, ó ń kan ilẹ̀kùn títí.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí irú ilé tí mo mọ̀ ni. Ìyá ilé ni ó gba àwọn ènìyàn sílé, tí ó sì dájú pé òun ni ó wá omi tí wọn yóò mu. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó sáré lọ wo ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí ó ń gbàdúrà kò sì gbàgbọ́ tán pé a ó gbọ́ tiwọn. Síbẹ̀ a gbọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ àwọn Fadá àti àwọn Sísítà nìkan ni àdúrà fún arọ́pò Pétérù. Ilé obìnrin ni a ti gbà á ní ọjọ́ tí ó le jù.

Ní ilẹ̀ Èkó wa pẹ̀lú, inú ilé ni Ìjọ ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí àwọn Fadá tó wá jókòó tì wá, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Padre Antonio, ẹrú tí ó gba òmìnira tí ó sì ti Bràsíìlì padà wá, ni ó ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Kì í ṣe Fadá, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ, tí ó sì ń gbàdúrà lórí òkú. Nígbà tí Fadá Borghero dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ nílẹ̀ tí wọ́n ti ń gbàdúrà.

Oṣù Mẹ́sàn-án Géérégé

Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1981, ọkùnrin kan yìnbọn lu Póòpù John Paul Kejì ní gbàgede Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Ìbọn náà bà á níkùn, ó sì kù díẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn ti kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1982, ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ balẹ̀ sí Èkó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi kà á: oṣù mẹ́sàn-án ni, iye oṣù tí a fi ń gbé oyún. Ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn ìbọn náà nìyẹn, ilẹ̀ tiwa ni ó sì kọ́kọ́ wá. Ní ọjọ́ kejì ó dé Onitsha, ó sì bá àwọn lọ́kọláya sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó àti ìdílé. Ó dé Kàdúná, níbi tí ó ti fi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ Fadá. Ó dé Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ó kọjá sí Kútọnù ní ilẹ̀ Benin.

Ọmọbìnrin kékeré ni ìyá mi nígbà náà ní Ìkòròdú. Ó sọ fún wa pé láti ọjọ́ tí ìròyìn ìbọn náà ti dé ni ìyá àgbà ti fi Bàbá Mímọ́ kún àdúrà alẹ́. Nígbà tí a wá gbọ́ pé ó ń bọ̀, ìyá àgbà múra láti lọ sí Èkó. Àwọn aládùúgbò bi í léèrè pé kí ni ó fẹ́ lọ wò láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹni tí òun ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n lọ. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rí i. Ìyá mi ní aṣọ funfun kan báyìí ni òun rí. Ṣùgbọ́n títí ìyá àgbà fi kú, kò yọ orúkọ Póòpù kúrò nínú àdúrà rẹ̀ mọ́. John Paul tún padà wá ní 1998, ó sì kéde Fadá Cyprian Michael Iwene Tansi ní ẹni ìbùkún ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja

Ní àdúgbò wa, obìnrin kan wà tí ó ń ta ẹja yíyan. Ẹ̀pẹ́ ni ó ti ń rà á, ní Ọjà Olúwo. Òwúrọ̀ kùtù ni ó máa ń gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ, tí yóò sì ti padà kí oòrùn tó mú. Mo jù ú lọ ní ọdún díẹ̀, Àǹtí ni ó sì máa ń pè mí. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ọmọkùnrin rẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ó ń mí gúlegúle. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni.

Ní àkókò náà gan-an, ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọ́n gbé Póòpù Francis lọ sí ilé ìwòsàn Gemelli ní Róòmù. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni tirẹ̀ pẹ̀lú, ní ọ̀tún àti ní òsì, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti gé apá kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń ka Ròsárì ní àgbàlá wa, ìyá ọmọ yìí sáré ti ilé ìwòsàn wá mú aṣọ. Mo ní kí a rántí Bàbá Mímọ́. Ó wò mí lójú, ó ní: “Àǹtí, ẹ dákun. Póòpù ní dókítà lọ́tùn-ún lósì. Ìwọ̀nba àdúrà tí ó kù lẹ́nu èmi, ọmọ mi ni ó ni ín.”

N kò bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ ìyá ni ó sọ, kò sì sí ìyá tí kò ní gbọ́ ọ yé. A gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ó sì padà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a, ó jókòó ti ọmọ náà tí wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí nímú. Ó ti gbọ́ lórí rédíò nọ́ọ̀sì pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fún Póòpù náà. Ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: “Ẹni tí kò lè mí dáadáa, mo mọ bí òru rẹ̀ ti gùn tó.” Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pe orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, ọmọ ọdún kan àti bàbá ẹni ọdún 88.

Ara ọmọ náà yá. Francis náà kúrò ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, lẹ́yìn ọjọ́ 38. Ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ó jáde sí gbogbo ènìyàn, ó sì súre fún ayé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kú. Ìyá ẹlẹ́ja wá bá mi, kò tilẹ̀ jókòó, ó ní: “Àǹtí, ṣé ti ọmọ mi ni ó gbà, tí ti Bàbá kò gbà?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kò sí ẹni tí ó mọ ìdí tí ẹnìkan fi dìde tí ẹnìkejì kò sì dìde, n kò sì ní díbọ́n bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni mo sọ fún un. Kì í ṣe pé kí Póòpù má kú ni a ń tọrọ. Ọmọ ènìyàn ni, àgbà sì ni. Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí Ọlọ́run má fi í sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin tí ó jáde sí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde pẹ̀lú ìwọ̀nba èémí tí ó kù fún un, a kò fi í sílẹ̀. Ó mi orí, ó sì lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ni ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún òkú.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un gẹ́gẹ́ bí olùkọ́: àdúrà kò dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Bí ọmọ kékeré bá ń mí kíákíá, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, tí kò sì lè mu ọmú, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́, Alhaja ni. Ní gbogbo ọjọ́ 38 yẹn, bí ó bá ti pè wá lórí fóònù, lẹ́yìn tí ó bá ti bèèrè àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tán, yóò ní: “Bàbá yín ńkọ́? Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀?” Nígbà tí Francis kú, òun ni ó kọ́kọ́ kí wa kú ara fẹ́ra kù nínú gbogbo àna mi. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ rántí. Kí ni yóò mú àwa ọmọ ilé gbàgbé?

Bí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Kò Bá Tẹ́ Wa Lọ́rùn

Àwọn mìíràn sọ fún mi pé ẹni mímọ́ ni Póòpù, kí ni ó fẹ́ fi àdúrà àwa ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe? Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2013. Nígbà tí Francis kọ́kọ́ jáde sí ojú fèrèsé, kí ó tó súre fún ẹnikẹ́ni, ó bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà fún òun. Ó tẹ orí ba, gbàgede sì pa rọ́rọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò nílò àdúrà kì í tẹrí ba bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì le ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2023, ìwé kan jáde láti Vatican nípa irú ìbùkún tí Fadá lè ṣe fún àwọn tí ìbágbépọ̀ wọn kò bá òfin Ìjọ mu, títí kan ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin àti obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Ariwo ta ní ilẹ̀ wa. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin olóòótọ́ ń sọ pé àwọn kò ní gbàdúrà fún Francis mọ́. Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní ẹ̀kọ́ Ìjọ lórí ìgbéyàwó kò yí padà, kò sì sí àyè láti súre fún irú ìbágbépọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà sọ pé irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé nínú ìjọ tiwọn, ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti sọ pé àwọn wà pẹ̀lú Póòpù Francis. Ẹ wò ó bí àgbà ti ń ṣe é. Wọ́n sọ tẹnu wọn láìfi bò, síbẹ̀ kò sí Mísà kan tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Àdúrà kì í ṣe owó iṣẹ́ tí a ń san fún ẹni tí ó bá ṣe ohun tí a fẹ́. Nínú ilé, bí baálé bá ṣe ìpinnu tí kò tẹ́ ìyàwó lọ́rùn, obìnrin ọlọ́gbọ́n yóò bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, yóò sì sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní tìtorí rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú àdúrà alẹ́. Ọjọ́ tí ìpinnu bá le ni ó yẹ kí a gbàdúrà jù. Ahọ́n tí a fi ń bú olórí, tí a fi ń ka ìròyìn èké láti orí fóònù kan dé òmíràn, bí irú èyí tí ó ń sọ pé Francis ti kú nígbà tí ó ṣì ń mí lórí ibùsùn, ahọ́n náà ni a lè fi sọ Bàbá Wa kan. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ èyí tí a bá yàn.

Bí A Ó Ti Ṣe É Nílé

Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, nítorí náà n kò ní di ẹrù tuntun rù yín.

1. Ní ìparí àdúrà alẹ́, ẹ fi Bàbá Wa kan, Mo Kí Ọ Màríà kan, àti Ògo fún Bàbá kan kún un fún Póòpù. Ìṣẹ́jú kan kò ní pé lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fà á gùn títí àwọn ọmọ yóò fi máa tòògbé.

2. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan máa dárúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé ṣé Póòpù mọ òun. Mo ní kò mọ̀ ọ́n ní orúkọ, ṣùgbọ́n òun náà ń gbàdúrà fún gbogbo ọmọ Ìjọ, ìwọ sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀.

3. Nínú Mísà, ẹ kọ́ ọmọ láti tẹ́tí sí ibi tí Fadá ti ń dárúkọ Póòpù àti Bíṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ tí ó ń retí orúkọ kan kì í rin ìrìn kiri nínú ìjọ.

4. Ní oṣooṣù, Póòpù máa ń sọ ohun kan tí ó fẹ́ kí a bá òun gbàdúrà lé lórí. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Fadá tàbí katikíìsì yín, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná. Bí ìrẹsì bá wà lórí iná tí ẹ ń dúró dè é, ẹ̀yin àti Ọlọ́run lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

5. Ẹ rántí ọjọ́ 22 oṣù kejì, tí í ṣe ọjọ́ Àga Pétérù Mímọ́, àti ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọjọ́ Pétérù òun Pọ́ọ̀lù. Bí agbára bá gbé e, ẹ se oúnjẹ tí àwọn ọmọ fẹ́ràn ní ọjọ́ náà. Ọmọ kì í gbàgbé àjọ̀dún tí ó jẹ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín kì í ṣe Àgùdà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ Póòpù dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ gba tiyín jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ibùsùn ọmọ. Ọlọ́run tí ó gbọ́ ti ilé Màríà yóò gbọ́ tiyín.

Omijé Ìyá Kan

Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn Kádínà 133 yan Robert Francis Prevost, ọmọ ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní Peru, ó sì gba orúkọ Leo Kẹrìnlá. Nígbà tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Augustine Mímọ́ ní gbogbo ayé, ó wá sí Nàìjíríà láti bẹ àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Àwa tí a ń gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ mọ orúkọ Augustine dáadáa. Òun ni ó wà lára yunifásítì àwọn Àgùdà tí ó wà ní Ìlárá.

Ta wá ni Augustine yìí? Ọmọ Áfíríkà ni, láti Tagaste, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí. Nígbà èwe rẹ̀ kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀, Monica, sunkún, ó gbàdúrà, ó tẹ̀lé e kọjá òkun dé Ítálì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọmọ náà tó gba ìrìbọmi ní Milan ní 387. Ní ọdún kan náà ni ìyá náà kú. Kò mọ̀ pé ọmọ òun yóò di bíṣọ́ọ̀bù. Kò sì lè mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 1,600, ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Augustine yóò jókòó lórí àga Pétérù. Àdúrà tí obìnrin Áfíríkà kan gbà fún ọmọ rẹ̀, a kò tíì rí ibi tí yóò parí sí.

Ẹ̀yin aya ilé, a ti ń gbàdúrà fún ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí a nà án dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Orúkọ rẹ̀ kúrú, kò ṣòro fún ọmọdé láti pè. Kí Ọlọ́run fún un ní ìlera àti ọgbọ́n, kí ó sì pa ilé tiwa mọ́. Ó dìgbà kan ná o.